Ìlọ Omi ni Ìtútù Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ Ìbàràpá méje, láti Igbó-Ọrà ìlú ìbejì dé Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgàngàn, ẹ bu omi mu kí ẹ sì fìdí kalẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ omi náà ni mo gbé wá lálẹ́ òní.

Ìbéèrè ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, àwọn ìyá wa tó ń yan gàrí ni mo sì fẹ́ bi. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ ti bó ẹ̀gẹ́, ẹ ti rin ín, ẹ ti dì í sí àpò, ẹ ti fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ títí omi fi ro kúrò lára rẹ̀, ẹ ti fọ́ ọ, ẹ ti kù ú. Ó wá ku yíyan. Agbada ti wà lórí iná, ó gbóná débi pé bí ọwọ́ èèyàn bá ṣèèṣì kàn án, àwọ̀ yóò bó. Ẹ da ẹ̀gẹ́ sí i. Kí ló dé tí kò jóná lójú ẹsẹ̀? Ẹ̀yin ń fi igbá yí i sọ́tùn-ún, ẹ ń yí i sósì, èéfín funfun ń rú gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bo ojú yín, ẹ tiẹ̀ ń bá ara yín tàkúrọ̀sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí èéfín yẹn bá ti ń fẹ́ dá, ẹnikẹ́ni nínú yín kì í gbójú kúrò níbẹ̀ mọ́. Ẹ máa ń tètè fa igi jáde lábẹ́ agbada. Ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá yíjú sí ọmọ tó ń pè yín, gàrí ọjọ́ yẹn ti di dúdú nìyẹn. Iná kò lé sí i, agbada kò sì yí padà. Kí ló wá yí padà?

Omi ló tán. Ẹ̀gẹ́ tó kúrò lábẹ́ jáàkì ṣì gbé omi tó tó bí ìdajì ìwúwo rẹ̀ sínú. Iná ń gbé ìgbóná fún agbada, agbada ń gbé e fún ẹ̀gẹ́, omi inú ẹ̀gẹ́ ń gbà á, ó sì ń bá a lọ sókè nínú èéfín. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà níbẹ̀ tó ń lọ, ìgbóná ẹ̀gẹ́ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ti omi tó ń hó lọ, èyíinì ni ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nígbà tí omi bá tán, kò sí ẹni tí yóò gbé ìgbóná kúrò mọ́. Gàrí fúnra rẹ̀ ni yóò gbà á sára. Ibẹ̀ ni jíjóná ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ lálẹ́ òní kò ju gbólóhùn kan lọ: lílọ tí omi ń lọ ló fi ń tu nǹkan lára, ju tútù tí òun fúnra rẹ̀ tutù lọ.

Ẹ ka omi sí alárù ọjà. Alárù tó jókòó ti ẹrù kò tíì ṣiṣẹ́ owó. Ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹrù, ó gbọ́dọ̀ gbé e rù, ó sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà gbé e jáde. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹrù wà níbi tó wà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni omi àti ìgbóná.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ẹrù náà ṣe wúwo tó. Ẹ bu omi lásán sínú ìkòkò, ẹ gbé e kaná, kí iná náà má lé, kó má sì rọ̀. Ká ní ó gba ìṣẹ́jú 10 kí omi náà tó hó. Ẹ má sọ̀ ọ́ kalẹ̀ o, ẹ fi í sílẹ̀ kó máa hó títí yóò fi gbẹ tán pátápátá. Ìyẹn yóò gbà tó ìṣẹ́jú 70, ó lé ní wákàtí kan. Ìgbóná tí omi ń gbé nígbà tó ń di èéfín fi ohun tó lé ní ìlọ́po méje ju èyí tó gbà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó lọ. Nínú gbogbo ìṣẹ́jú 70 yẹn, omi inú ìkòkò kò gbóná ju bó ṣe gbóná nígbà tó kọ́kọ́ hó lọ. Gbogbo ìgbóná tí iná ń dá sí i, èéfín ló ń kó o lọ. Bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bá wọn ẹrù náà, wọ́n á ní kílò omi kan tó di èéfín lórí iná gbé nǹkan bí 2,260,000 joule lọ. Ìdí nìyí tí èéfín omi fi ń bó èèyàn burú ju omi gbígbóná lọ. Bó bá ti kan ọwọ́ yín, ó di omi padà, gbogbo ẹrù tó rù ló sì sọ̀ sí yín lára.

Ẹ jẹ́ ká wá yà sọ́dọ̀ àwọn télọ̀ wa, pàápàá àwọn tí áyọ́ọ̀nù eléèédú ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Kí télọ̀ tó gbé áyọ́ọ̀nù lé aṣọ oníaṣọ, ó máa ń ki ìka bọ omi, á sì ta á sí ìdí áyọ́ọ̀nù. Etí ló fi ń gbọ́ èsì. Bí omi náà bá kàn jókòó jẹ́ẹ́, tí ó ń hó díẹ̀díẹ̀, áyọ́ọ̀nù kò tíì gbóná. Bó bá ké ṣàà, tí ó sì pòórá, áyọ́ọ̀nù ti tó. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí omi kò ní ké rárá. Á ká ara rẹ̀ jọ roboto bí ìlẹ̀kẹ̀, á sì yí gbirigbiri lórí irin títí á fi já bọ́ sílẹ̀. Télọ̀ tó mọṣẹ́ kò ní gbé áyọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ lé aṣọ. Ó ti gbóná jù, á jó o.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ohun ìyanu nìyẹn. Irin tó gbóná níwọ̀n gbẹ omi lójú ẹsẹ̀, irin tó gbóná jù ú lọ kò sì tètè lè gbẹ ẹ. Ní ọdún 1756, oníṣègùn ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Johann Gottlob Leidenfrost kọ̀wé nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ó fi ṣíbí irin sínú iná títí ó fi pọ́n, ó kán omi ẹyọ kan sínú rẹ̀, ó sì ka àkókò. Ẹ̀kán omi náà wà nínú ṣíbí pípọ́n yẹn fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú àáyá 30 kó tó tán. Ó kán òmíràn sí i bí ṣíbí ti ń tutù, ìyẹn sì tètè gbẹ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ yìí káàkiri àgbáyé dòní.

Ohun tó fà á ni pé nígbà tí irin bá ti gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí ẹ̀kán omi á ti di èéfín kí omi tó fara kan irin. Èéfín yẹn á tẹ́ ara rẹ̀ bí ẹní sáàárín àwọn méjèèjì. Omi ń léfòó lórí ẹní yẹn, kò kan irin, ẹní yẹn kì í sì í tètè jẹ́ kí ìgbóná kọjá. Alárù wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹrù wà nínú ilé, wọn kò jẹ́ kó wọlé. Ó yẹ ká rántí èyí, nítorí ìgbà tí irin bá nílò omi jù lọ gan-an ni kì í jẹ́ kí omi kan òun.

Àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó fún un lórúkọ. Ẹ lọ wo alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ọkọ́ tàbí àdá. Bó bá fi ẹ̀mú yọ irin pípọ́n kúrò nínú iná, tó tì í bọ omi, kì í kàn fi í síbẹ̀ kó máa wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró. Ó ń rò ó nínú omi, ó ń fà á síwá, ó ń fà á sẹ́yìn. Bí irin náà bá dúró sójú kan, èéfín á bò ó bí ẹ̀wù, omi kò sì ní rí ara rẹ̀ kàn. Bó ṣe ń mì í ni ẹ̀wù yẹn ń fà ya. Ẹ tún fetí sí ohùn rẹ̀: nígbà tó kọ́kọ́ wọ omi, ohùn náà á rọ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà omi á bú ramúramù. Bíbú yẹn ni pé omi ti kan irin. Ìgbà náà ni irin ń tutù kíákíá, ibẹ̀ sì ni ẹnu àdá ti ń le.

Lọ́dún 2022, àwọn olùwádìí ní City University of Hong Kong, ní ilẹ̀ Ṣáínà, gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature lórí ìdènà yìí kan náà. Wọ́n ṣe irin kan tí òpó wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ dúró lára rẹ̀. Wọ́n fi ohun kan tí ìgbóná kì í tètè là kọjá sáàárín àwọn òpó náà láti máa fa omi mu, wọ́n sì la ọ̀nà sábẹ́ rẹ̀ kí èéfín lè rí ibi jáde. Nítorí pé èéfín rí ọ̀nà lọ, kò tẹ́ ẹní mọ́. Omi ń kan irin náà, ó sì ń tù ú, kódà nígbà tó gbóná kọjá ìwọ̀n 1,000. Ohun tí ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ń fi mímì ṣe ni àwọn yẹn fi òpó àti ọ̀nà ṣe: ká lé èéfín kúrò kí omi lè ráyè.

A ti rí kíkàn, a ti rí gbígbé. Ó ku ọ̀nà, àmù ìyá wa àgbà ni yóò sì ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Ẹ̀yin tí ẹ tó ẹni ogójì ọdún sókè, ẹ rántí àmù tó wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ara rẹ̀ kì í gbẹ, ó máa ń rin bí ẹni tó làágùn. Amọ̀ tí wọ́n sun ní ihò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò lè rí. Omi ń gba inú ihò wọ̀nyẹn yọ síta, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, èyí tó ń lọ sì ń gba ìgbóná lọ́wọ́ èyí tó kù nínú àmù. Kò sí iná níbẹ̀, kò sí híhó. Omi kò nílò kó hó kó tó lè lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀rá àti dúrọ́ọ̀mù oníke kò fi lè ṣe bí àmù. Ike kò ní ihò, omi inú rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde, bí ọ̀sán bá sì ti mú, omi rẹ̀ á lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ẹ sì tún rántí pé omi àmù kì í tutù bákan náà láti oṣù dé oṣù. Nígbà ọyẹ́, tí ètè ń la, omi àmù máa ń tutù wọ eyín. Ní àárín òjò, kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí omi lásán. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ, òùngbẹ ń gbẹ ẹ, gbogbo omi tó bá rí ló ń gbà. Afẹ́fẹ́ ìgbà òjò ti mu omi yó, kò ní àyè mọ́. Alárù ti gbé ẹrù rù, ọ̀nà ló dí. Nítorí náà, ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ dé ni ààyè àmù. Kọ̀rọ̀ yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì kò bá a mu.

Ọ̀gbẹ́ni Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan láti Ìpínlẹ̀ Jígáwá tó ti ìdílé àwọn amọ̀kòkò jáde, fi ọgbọ́n àmù yìí tọ́jú irè oko. Ó fi ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, ó da yanrìn sáàárín àwọn méjèèjì, ó bu omi sí yanrìn náà, ó kó èso sínú ìkòkò kékeré, ó sì fi aṣọ tútù bò ó lórí. Ikàn tó máa ń bàjẹ́ láàárín ọjọ́ 3 wá ń wà fún ọjọ́ 27. Ó gba ẹ̀bùn Rolex lórí iṣẹ́ yìí lọ́dún 2000. Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa tó ń gbin tòmátì àti ata, ẹ̀yin ìyá tí ẹ̀fọ́ ń rọ mọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ ọjà, ìkòkò méjì àti yanrìn kò ṣòroó rí ní Ìbàràpá. Ẹ̀rùn ló máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù lọ, ẹ̀rùn náà sì ni ooru ń pa irè yín.

Bí a bá wá ń padà sí àmù fún omi mímu, ẹ jẹ́ kó jẹ́ omi tó mọ́, kí ìdérí sì wà lórí rẹ̀. Àwa kọ́ ló yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ èyí fún. Sọ̀bìà dá ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ ní ilẹ̀ yìí, pàápàá ní Ìdèrè, nítorí omi adágún tí a bù mu láìsẹ́. Ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó fọwọ́ sí i pé Nàìjíríà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Omi tútù dára, omi mímọ́ ló ṣáájú.

Ara wa náà, àmù ni. Nígbà tí ẹ bá ń ro oko ẹ̀gúsí lójú oòrùn, òógùn tó gbẹ lára yín ló ń tù yín. Lítà òógùn kan tó gbẹ lára lè gbé ìgbóná tó bí 2,400,000 joule kúrò. Èyí tó kán tótó sílẹ̀ láti àgbọ̀n yín kò gbé nǹkan kan lọ; òfo ni. Nítorí náà ẹ wọ aṣọ tó fẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, ẹ jókòó síbi tí atẹ́gùn wà bí ẹ bá ń sinmi, kí ẹ sì máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Àmù tí omi bá tán nínú rẹ̀ kì í rin mọ́.

Ẹ gbọ́ ti wíwọ́n pẹ̀lú. Bí ẹ bá da garawa omi kan sórí sìmẹ́ǹtì tí oòrùn ti pa, púpọ̀ nínú rẹ̀ á ṣàn wọ gọ́tà láìgbé ẹrù kankan. Bí ẹ bá fi ọwọ́ wọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ká ojú ilẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, á gbẹ, ilẹ̀ á sì rọlẹ̀. Ẹ̀kán omi kan tí a fọ́ sí 1,000 tó dọ́gba á ní ìlọ́po 10 ojú tí afẹ́fẹ́ lè fi gbà á, bẹ́ẹ̀ omi náà kò lé sí i. Omi tí a wọ́n níṣẹ́ ju omi tí a dà nù lọ.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó jẹ mí lógún jù. Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí àlàáfíà láàárín omi àti epo tó gbiná. Bí epo àkàrà bá gbiná nínú agbada, tí ẹnì kan sì sáré gbé omi dà á, omi wúwo ju epo lọ, á rì sí ìsàlẹ̀. Níbẹ̀, nínú epo tó gbóná ju ìwọ̀n 300 lọ, á di èéfín lẹ́ẹ̀kan náà, èéfín yẹn á sì fẹ̀ ju omi tó ti wá lọ ní ohun tó lé ní ìlọ́po 1,600. Kò ní rọra lọ. Á bẹ́, á gbé epo tó ń jó sókè, á dà á sí ojú, sí ọwọ́, sí òrùlé. Ẹ pa gáàsì bí ọwọ́ yín bá dé ibẹ̀ láìséwu, ẹ fi ìdérí irin dé agbada, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ títí á fi tutù. Ẹ má gbé agbada náà sáré jáde.

Ẹ̀yin awakọ̀ wa náà, bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná lójú ọ̀nà, ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ lójú ẹsẹ̀. Omi tó wà ní ìhámọ́ níbẹ̀ gbóná ju omi tó ń hó lọ. Bí ẹ bá ti ṣí i, á di èéfín lójú yín. Ẹ má sì da omi tútù lu ẹ́ńjìnnì gbígbóná, kó má baà là. Ẹ ní sùúrù kó rọlẹ̀.

Bí iná tàbí èéfín omi bá sì ti jó ẹnì kan, ẹ má fi epo pa á, ẹ má fi ẹyin pa á, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín pa á. Ẹ da omi tútù tó mọ́ sí ojú ibẹ̀, kó máa ṣàn fún ìṣẹ́jú 20, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ pe àwọn ọmọ yín jọ, àti ọmọ iṣẹ́ tó ń bá yín dín àkàrà. Ẹ sọ fún wọn, kí wọ́n sì sọ ọ́ padà fún yín kó dá yín lójú pé wọ́n gbọ́: epo tó bá gbiná, ìdérí la fi ń pa á; a kì í bu omi sí i.